Òwúrọ̀ Tí Wọn Kò Ki Àṣàkẹ́

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọlápéjú, ìyàwó ọmọ mi, sunkún iṣẹ́ títí kò fi ríran mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sí òkè Ọya. Láràárọ̀, Àṣàkẹ́, ọmọ wọn, á kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ìyá fi oríkì ki òun, bí a ti ń ṣe nílé wa. Ọlápéjú á máa wá kọ́kọ́rọ́. Á ní, "Ó tó. Dìde, mo ti pẹ́." Ọmọ á dìde, á gba ilé Màmá Sùbúọlá lọ, aládùúgbò tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Mo kìlọ̀ fún Ọlápéjú. Ó ní, "Màmá, oríkì ò ra bàtà o."

Nígbà tí ẹbí pé jọ, mo fi ìgbéraga pe Àṣàkẹ́ síwájú. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà náà na ọrùn, ó ki ara rẹ̀ láìkọsẹ̀: ọmọ Òpómúléró.

Òpómúléró ni ilé Màmá Sùbúọlá. Oníkòyí ni àwa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlápéjú fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó dì mọ́ ọn, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àṣàkẹ́, ọmọ Oníkòyí..."

Ọmọ náà rọra tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò lára, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá fún un.

"Ó tó, Mọ́mì. Ẹ dìde, ẹ ti pẹ́."