Ohun Tí Ìjàpá Fẹ́ Fún Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí. Mo fi ahọ́n mi búra. Ó dáa, mo fi ìdajì ahọ́n mi búra. Ẹ fetí sílẹ̀.

Obìnrin kan wà, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fi awọ ewúrẹ́ ṣe bàtà. Àwẹ̀ró ń sin Ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan nínú àgò, lẹ́bàá ìkòkò tí ọkọ rẹ̀ ń rẹ awọ sí. Omi ìkòkò náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èèpo igi ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń mú kí awọ fún pọ̀, kó sì le.

Àwẹ̀ró máa ń kìlọ̀ pé: "Ọ̀kẹ́rẹ́ mi, ohunkóhun tó bá ń fún ahọ́n, má jẹ ẹ́ o. Obì o, kajú tí kò pọ́n o, má fẹnu kàn án. Ikùn àwa èèyàn tóbi, ó lè gbà á. Tìẹ kéré. Ìfun rẹ á fún pọ̀, wàá sì kú."

Ìjàpá gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára àgò yẹn. Ẹ̀pà láàárọ̀, àgbàdo lálẹ́, láìṣiṣẹ́ rárá! Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kú, ta ni yóò wọ inú àgò? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó já kajú tútù, ó gún un, ó bu omi ìkòkò awọ sí i, ó da oyin sórí rẹ̀. Ó wá ń kọrin bọ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ fún ọ.
*Kí lo fẹ́ fún?*
Ohun dídùn ni mo fẹ́ fún ọ.
*Kí lo fẹ́ fún?*
Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọ.
*Kí lo fẹ́ fún?*

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ imú. "Bàbá Ìjàpá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ fún mi ní nǹkan ni, àbí ẹ fẹ́ fún mi lọ́rùn?"

"Háà! Ọmọ yìí, o mà ń fura jù! Oyin ni."

"Kí ló dé tí eṣinṣin kankan ò bà lé oyin yín?"

"Wọ́n ti lọ sùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò nílé yìí."

Ìjàpá lá orí rẹ̀. "Ó dùn!"

"Orí rẹ̀ lẹ lá yẹn. Ẹ bù ú nísàlẹ̀."

Ó bù ú. Ahọ́n rẹ̀ le gbagidi. Síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó... ó dùn."

"Ẹ gbé e mì, kí n rí i."

Ó gbé e mì. Yéè! Ọ̀fun rẹ̀ fún. Awọ ọrùn rẹ̀ hunjọ bí awọ inú ìkòkò. Ó fẹ́ ké, "fùú" nìkan ló jáde.

Àwẹ̀ró sáré dé. "Ìjàpá, kí lo wá ṣe níbí?"

"Fùú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ohun tó fẹ́ fún mi ló fún un o!"

Ìdí nìyẹn tí ọrùn Ìjàpá fi hunjọ títí dòní. Bí o bá na oúnjẹ sí i, á kọ́kọ́ fa orí wọlé. Ó ń fura.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má dún. Pó! Pó!...

Ẹ̀kẹta kọ̀.

Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Oyin yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ìjàpá ò ní oyin. Èmi ni mo ní in, mo sì ti dà á sórí kajú tó wà nínú igbá yìí. Ta ló máa kọ́kọ́ jẹ?

"Ìwọ ni!"

Ẹ ó dàárọ̀ o.