Àwọn Orúkọ Tí Ẹfúnyẹmí Pè Létí Igbó

Ọdún burúkú ni ọdún tí ogun kó Òkè-Ìyeyè. Àgbàdo gbó lóko, kò sẹ́ni tó yà á. Àwọn akónilẹ́rú ti jó ìlú títí dé ààfin, àwọn tó ráyè sá sì wọ inú igbó tó wà lódìkejì odò, wọ́n dákẹ́ síbẹ̀ bí òròmọdìẹ tó rí àwòdì. Ebi ń pa wọ́n, òtútù ń mú ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wúkọ́ ti ta gbogbo ìlú. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n níbẹ̀, Òkè-Ìyeyè pa rẹ́ nìyẹn.

Lóde òní, àwọn obìnrin méjì ló wá ìdí ìtàn yìí kiri fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn: Ṣijúadé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti Ìbídùn àbúrò rẹ̀, tó ṣe nọ́ọ̀sì títí orí rẹ̀ fi funfun. Ọ̀rọ̀ náà ká Ṣijúadé lára jù. Nínú ilé wọn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, obìnrin tó dàgbà jù a kọ́kọ́ pe orúkọ àwọn ará àtijọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọ̀jẹ́wùmí títí yóò fi kan Àyọ̀ká. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn, baba ọmọ a sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá ìran àwọn tí wọ́n ń pè yìí títí, wọn ò rí. Adérógbà, ọmọ Ṣijúadé, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, sì ti fárígá.

"Màámi, wọn ò ní í pe òkú lé ọmọ mi lórí. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ìdí ẹ̀, ká pa á tì."

Ó dun Ṣijúadé. Ni òun àti Ìbídùn bá tọ Mọ̀gájì lọ, olórí ẹbí tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bàbá kọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìtàn ẹlẹ́kún ni."

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá gbé e mì, ta ló máa sọ fáwọn ọmọ?"

Bàbá mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́.

À ń wí pé ọkùnrin nìkan ni akọni. Irọ́ ńlá! Ẹfúnyẹmí, obìnrin bí ọkùnrin, olóhùn iyọ̀, ló yọ́ lọ pọnmi pẹ̀lú Àyọ̀ká, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún Ajíbọ́yè ọkọ rẹ̀. Ogun ká wọn mọ́ etí odò. Wọ́n fa Ẹfúnyẹmí wá sí etí igbó, okùn lọ́rùn rẹ̀.

"Pè wọ́n lórúkọ," ni balógun wọn wí. "Sọ pé ogun ti lọ. Bí wọ́n bá jáde, a ó tú ọ sílẹ̀."

Ẹfúnyẹmí gbóhùn sókè. "Ọ̀jẹ́wùmí o! Ogun ti lọ, máa bọ̀ wálé! Láníhun o! Ògúntáyọ̀ o! Ẹ má bẹ̀rù mọ́!"

Àjèjì kò mọ ẹni tó ń pè. Àwọn tó wà nínú igbó mọ̀. Gbogbo àwọn tó ń pè pátá ló ti kú kí ogun tó dé. Ẹni tó ń pe òkú jáde kò fẹ́ kí alààyè yọjú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò mira.

Ó pè wọ́n títí, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ó wá pe ẹni ìkẹyìn. "Àyọ̀ká o! Àyọ̀ká, ọmọ mi!"

Ajíbọ́yè wà láàárín àwọn tó sá pamọ́. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un pé wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀ létí odò. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá ọmọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ara rẹ̀, ó gé ọwọ́ náà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Nígbà tí ogun rí i pé ẹnikẹ́ni kò yọ, wọ́n pa Ẹfúnyẹmí síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ìyẹn náà, kò sì ké.

Ogun ṣí lọ. Àwọn tó kù sin ín síbi tó ti pè wọ́n, wọ́n sì tún ìlú wọn tẹ̀ dó yí sàréè náà ká. Ibẹ̀ ni Òkè-Ìyeyè wà dòní. Nígbà tí Bàbá parí ìtàn, Ṣijúadé sunkún dé ilé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ṣijúadé dìde, ó pe àwọn orúkọ náà. Nígbà tó kan Àyọ̀ká, Adérógbà wo ọmọbìnrin jòjòló tó wà lápá ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Wọ́n gbé omi dé, wọ́n gbé oyin dé, kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀.