Òróró Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan tí òkè yí ká, Olúwa sì fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í dé abúlé náà nítorí òkúta àti ẹrẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá kọlù, ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ni wọ́n máa ń gbé e sí, òun a sì gbé e gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mí lónìí nítorí ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí ó bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń mi èkùrọ́ nínú agolo. Bí ó bá ti gbéra, á dákẹ́. Àwọn ará abúlé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ẹ̀rọ yín lóúnjẹ, ẹ ò rí i pé ó ń payín keke." Ojú ń ti ọkùnrin náà, pàápàá bí ó bá dúró síwájú ilé ìsìn.

Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé ìwòsàn. Ìyẹn tẹ́tí sí i, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ kí n tú u. Nǹkan kan ti jẹ nínú kílọ́ọ̀ṣì yìí."

"Bí mo bá fi sílẹ̀, tí ẹnìkan ṣàìsàn ńkọ́?"

"Bí ẹ kò bá fi sílẹ̀, tí ó dá yín dúró lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rọ tí a fi àdúrà gbà kì í dá ni dúró lójú ọ̀nà." Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Nílé, ó mú òróró tí ìjọ ti gbàdúrà sí. Òróró dára. Wọ́n fi ń kun aláìsàn, ojú òun náà sì ti rí ibà tó tipa bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó gbàdúrà, ó sì da òróró sí kílọ́ọ̀ṣì. Ó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, kẹ́kẹ́ pa. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó jó lọ síwájú, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti pa ariwo lẹ́nu mọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ejò bu àgbẹ̀ kan jẹ nínú oko iṣu. Wọ́n gbé e jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà, wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́ ọn. Ẹ̀rọ sáré dé ìdí òkè. Bí ó ṣe dojú kọ òkè, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n táyà kò yí. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba imú wọn. Ọkùnrin náà túbọ̀ tẹná, ẹ̀rọ ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ náà ti wú dé orúnkún. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín kò pariwo mọ́ lóòótọ́. Kò kàn fẹ́ lọ mọ́ ni."

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Ó ń gun òkè, ó ń sunkún, ó ń bẹ Olúwa pé kí ó má jẹ́ kí ẹlòmíràn kú nítorí ìwà òmùgọ̀ òun. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ pàdé rẹ̀, wọ́n bá a pọ̀n ọ́n. Ahọ́n àgbẹ̀ náà ti ń wúwo kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ bá a. Ó yè. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mẹkáníìkì tú kílọ́ọ̀ṣì níṣojú ọkùnrin náà. Abọ́ irin méjì ló kọjú síra níbẹ̀, tí wọ́n ń di bẹ́líìtì tó ń yí táyà mú bí ọwọ́ ṣe ń di okùn mú. Gbígbẹ ló yẹ kí ojú wọn máa wà, òróró sì ti sọ wọ́n di ọ̀bọ̀rọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn nǹkan róbótó kéékèèké wà, tí wọ́n ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àwọn wọ̀nyí ló ń dún," ni mẹkáníìkì wí. "Wọ́n ń pè yín ni."

Ó nu òróró kúrò, ó pààrọ̀ wọn pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin náà tún bọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ ariwo tí Olúwa fi ránṣẹ́ sí mi, tí mo lé padà." Ìjọ rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ náà, tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Ìtùnú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ dúró níwájú ìjọ wa, ẹ ní kí a bá yín dúpẹ́ pé àlàáfíà ti dé sílé yín, pé Ìyá Ìtùnú kò ṣàròyé mọ́. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n mo mọ àròyé náà. Ó ní kí ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín parí ìjà ilẹ̀. Ẹ ra fìrísà fún un, ó dákẹ́. Ìjà ilẹ̀ ńkọ́? Ọpẹ́ tó tọ́ sí yín ni pé Olúwa fún yín ní obìnrin tó gbọ́ ohun tó ti jẹ nínú yín kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Ẹ padà sílé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ. Bí ó bá sì ti ń sọ ọ́, kí ẹ máa wọ bàtà tí ẹ ó fi lọ bá ẹ̀gbọ́n yín.