Bí Iyùnadé Ṣe Di Àwátì

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹnu yín ò dún. Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ ooo!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé, ọrùn Iyùnadé ọmọ Oyèbọ́lá ló bà lé. Lánipẹ̀kun, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀, ọmọge kan wà ní ìlú kan létí odò. Iyùnadé lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ kú, ó fi àpótí iyùn mẹ́fà sílẹ̀ fún un. Iyùn pupa, iyùn ńlá, tó ń tàn bí ẹyin iná. Iyùn lọ́rùn, iyùn lọ́wọ́, iyùn lẹ́sẹ̀, iyùn nínú irun.

— Kò wúwo ni, Màmá?

Ó wúwo! Ta ló bi í léèrè? Oyèbọ́lá ìyá rẹ̀ ló ń so wọ́n mọ́ ọn lára láràárọ̀. Bó bá jáde, ènìyàn á kúnlẹ̀, ewúrẹ́ á yà lọ́nà. "Ẹ wo iyùn! Iyùn yìí mà dára o!" Lọ́jọ́ kan, ó sunkún láti ilé dé odò, kò sí ẹni tó rí omijé. Iyùn ni wọ́n ń wò. Ó dun ọmọ náà wọra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo gbogbo ìlú, ó funfun bí òwú. Oyèbọ́lá wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó bá ẹní lófìfo. "Iyùnadé!" Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. "Iyùnadé o!" Kò sí.

— Ta ló gbé e?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ná! Àkùkọ tó ń lu agogo ìlú sáré dé. Ó ní, "Ìyá, báwo ni ọmọ yín ṣe rí, kí n lè kéde?"

Oyèbọ́lá ní, "Iyùn ńlá mẹ́jọ wà lọ́rùn rẹ̀, méjì-méjì lọ́wọ́, wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lẹ́sẹ̀."

Ni Àkùkọ bá ń lu agogo kiri. "Ẹni tó bá rí iyùn ńlá mẹ́jọ! Ẹni tó bá rí iyùn!"

Gbogbo ìlú tú sínú kùrukùru. Ìnàkí tó ń ṣọ́ bodè ń wo ọrùn gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bí kò bá rí iyùn, á ní, "Máa lọ, máa lọ." Ọmọge kan tó ró kíjìpá lásán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀. "Máa lọ." Ọmọge náà lọ. Kò pẹ́ tí orin kan fi ń dún nínú kùrukùru. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin ará ọ̀nà,
— Ẹ wojú mi o.
Ẹ má wọrùn, ẹ má wọwọ́,
— Ẹ wojú mi o.
Ẹni tó bá mọ̀ mí, n ó bá a relé,
— Ẹ wojú mi o.

Ohùn náà dùn. Ìlú ń gbọ́ ọ, wọ́n ń mirí sí i, wọ́n sì ń wá iyùn lọ.

Ajá ló gbóòórùn. Ó fi imú tulẹ̀ títí dé ìdí igi ọdán kan létí odò. Agbọ̀n ńlá kan wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí i. Iyùn ni! Kò dín ẹyọ kan. Ìlú hó yèè. "A ti rí i! A ti rí i!"

Oyèbọ́lá wo inú agbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi dà?"

Àkùkọ rọra bi í pé, "Ìyá, láìsí iyùn, báwo ló ṣe rí?"

Oyèbọ́lá la ẹnu. "Ó pupa díẹ̀. Rárá, ó dúdú. Ojú rẹ̀... ojú rẹ̀..."

Lékeléke tó dúró sínú omi ló dáhùn. Ó ní, "Ọmọge kan tó ró kíjìpá sọdá níbí láìpẹ́. Kó tó sọdá, ó pàdé obìnrin kan tó ń sáré, gèlè lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, ìyá mi.' Obìnrin náà ò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, 'Yà lọ́nà fún mi, jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mò ń wá.'"

— Háà! Màmá, òun ni?

Òun ni. Oyèbọ́lá jókòó sórí iyanrìn, gèlè lọ́wọ́. Ó ní, "Èmi ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi lé e lọ."

Wọ́n sọdá, wọ́n wá a títí. Kùrukùru ká, odò mọ́ gaara, ọ̀nà lọ salalu, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń mọ ìkòkò ní ìlú òkèèrè. Àwọn kan ní inú omi ló wà. Èmi ò mọ̀, ẹni tó pàlọ́ yìí fún mi náà ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n títí Oyèbọ́lá fi kú, etí odò yẹn ló ń jókòó sí. Gbogbo ọmọge tó bá sọdá, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, á wò ó pẹ́, á wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ìwọ kọ́. Máa lọ, ọmọ mi."

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí á máa wo ènìyàn kí á tó wo ohun tó wọ̀. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ wò ó dáadáa nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ yín.

Ibi tí àlọ́ gbé mi dé rèé, ó ti fò lọ. Bí mo bá fi irọ́ kankan kún un, kí oorun má kùn mí lálẹ́ òní. Ẹ ò rí i, mo ti ń yán. Ẹ ká ẹní.