Bí Iṣẹ́ Fọ́tò Ṣe Di Olórúkọ Méjì

Nígbà láéláé, nígbà tí àdán ṣì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró bí ẹyẹ gidi, ayafọ́tò méjì ló wà ní ìlú àwọn ẹranko. Àdán ni ọ̀kan, Tanátaná ni èkejì.

Inú ihò òkúta ni Àdán ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ya ẹnikẹ́ni tán, á mú fíìmù, ìyẹn ọ̀rá tí àwòrán náà wà lára rẹ̀, wọ inú òkùnkùn, á rẹ ẹ́ sínú omi ewé fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà á so ó rọ̀ kó gbẹ. Fíìmù yẹn kò gbọdọ̀ fojú kan iná títí tí yóò fi jinná.

Ti Tanátaná kò ní wàhálà. Bó bá ti ṣẹ́jú báyìí, àwòrán rẹ ti yọ sí ìdí rẹ̀, ìdí náà á sì máa tàn yanranyanran. Á ní: "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ rẹwà àbí ẹ ò rẹwà?" Bó bá tún ya ẹlòmíràn, ti àkọ́kọ́ á pòórá.

Àdán lọ bẹ Baálẹ̀ Erin kó fún iṣẹ́ méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Baálẹ̀, iṣẹ́ wa kò rí bákan náà o. Iná tó ń ṣe Tanátaná lóore, ikú ni fún iṣẹ́ tèmi."

Erin rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ta ló fẹ́ máa há orúkọ méjì sórí nítorí nǹkan kan? Fọ́tò ni fọ́tò ń jẹ́. Ayafọ́tò ni ẹ̀yin méjèèjì. Ó parí."

Ẹ wo ẹni tí etí rẹ̀ tóbi tó yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan!

Lọ́dún yẹn ni Ẹdun bí ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Wọ́n jọra débi pé baba wọn a máa fún ọ̀kan lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, á sì febi pa èkejì. Àdán ya àwọn méjèèjì pọ̀ lórí igi ìrókò. Lọ́jọ́ kejì, òjò ńlá rọ̀, ẹ̀ka kan ya lábẹ́ Kẹ́hìndé, ó já bọ́ sínú odò tó wà nídìí igi náà, odò sì gbé e lọ.

Yéè! A kì í sọ pé ìbejì kú. A ní Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́gi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kò ní í ru igi kankan bọ̀ wálé. Fíìmù Àdán nìkan ló kù tó lè fi rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹdun sáré dé ẹnu ihò. "Bàbá Àdán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi."

"Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Inú omi ló ṣì wà. Ó di ọ̀túnla."

"Ọ̀túnla kẹ̀? Tanátaná kì í pẹ́ tó báyìí!" Ó bú sẹ́kún, ó gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ.

Inú bí Baálẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Tanátaná. "Irú ìwà ìkà wo nìyí? Tanátaná, ṣebí ayafọ́tò ni ìwọ náà. Wọ inú ihò yẹn lọ, kí o fi fọ́tò ọmọ náà han ìyá rẹ̀ kíákíá."

Tanátaná kò dé inú ihò Àdán rí. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo àwòrán ń fẹ́. Bó ṣe fò wọlé, Àdán figbe ta: "Má tanná! Mo bẹ̀ ọ́, má tanná!"

Iná ti tàn wàà.

Fíìmù dúdú bí ìdí ìkòkò. Táyé kò sí níbẹ̀. Kẹ́hìndé kò sí níbẹ̀. Igi ìrókò pàápàá kò sí níbẹ̀.

Háà! Àdán gbé fíìmù náà jáde sójú gbogbo ìlú. Ẹdun kò tilẹ̀ sunkún mọ́, ó kàn ń wo fíìmù náà.

Tanátaná kúnlẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n ya Táyé, kí n sọ àwòrán náà di méjì, kí n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ni Ẹdun wí. Ó kọjú sí Baálẹ̀. "Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn. Ojú kan náà ni wọ́n ní. Síbẹ̀ orúkọ méjì ni mo fi ń pè wọ́n, nítorí ọmọ méjì ni wọ́n. Baálẹ̀, kí ló dé tí orúkọ méjì fi pọ̀ jù lẹ́nu yín?"

Erin yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: fíìmù ni ti Àdán, dígítà, èyí tó ń yọ lójú ẹsẹ̀ láìsí fíìmù, ni ti Tanátaná. Láti ọjọ́ náà ni àdán ti ń sá fún iná, tó ń dorí kodò nínú òkùnkùn níbi tó máa ń so fíìmù rọ̀ sí, tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má tún wọlé. Tanátaná náà kò jẹ́ kí iná ìdí rẹ̀ tàn pẹ́ mọ́. Bó bá ti tàn án, á rántí, á sì tún pa á.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ẹdun kan tó jókòó lórí igi, tó ń wo odò, ẹ má pariwo. Orúkọ Kẹ́hìndé ló ń pè.