Ta Ló Tọ́ Omi Ewé Ṣíjú Wò?

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà. Ó yà sí ẹ̀yìnkùlé, ó já ewé lọ́wọ́.

Ewé kí ni?

Ewúro ni. Ó já ewúro, ó bá Àwẹ̀ró nílé, ó bá Ṣíjúadé ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó bá Ẹkùn, Oyin àti Ọ̀bọ tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn.

Kó máa bọ̀, à ń gbọ́.

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn, ẹ sún síwájú. Ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí ewé ṣì ń sọ̀rọ̀, tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà, obìnrin kan wà ní Òkè-Ewé tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ṣíjúadé lorúkọ ọmọ náà. Ṣíjú ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ yìí fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ. Tó bá rí èèrà, á bi í pé níbo ló ń lọ. Tó bá rí òjò, á bi í pé ta ló rán an. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, á bèèrè pé kí ló dé.

Nígbà tó yá, ìbéèrè dín kù. Ṣíjú kò sáré mọ́. Kò fò mọ́. Bó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, á jókòó, á máa mí hẹlẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kan, èèrà kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró.

Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Ọ̀yà. Ọ̀yà ló mọ ewé jù ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, torí inú ewé ló ń gbé. Ọ̀yà wo ojú ọmọ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára ọmọ yìí. Ewé tútù ni yóò dá a padà. Já ewúro, já gbúre, gún un, fún omi rẹ̀, kí o fún un mu. Igbá kékeré kan lójúmọ́."

"Tí kò bá mu ún ńkọ́, Ìyá?"

"Tí ọjọ́ kẹsàn-án bá kọjá tí kò tíì mu ún, Àwẹ̀ró, má wá bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Àwẹ̀ró gbọ́ ohun tí Ọ̀yà kò sọ. Ó sáré lọ sílé.

Ó já ewúro. Ó já gbúre. Ó gún un nínú odó, ó bomi sí i, ó sẹ́ ẹ. Omi náà dúdú minimini, ó ń hó bí ọṣẹ. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì fọ ewúro rí. Bí wọ́n bá ṣe já a ni wọ́n ń gún un.

Ó gbé igbá sí Ṣíjú lẹ́nu.

"Mu."

"Kí ni, Ìyá mi?"

"Oògùn ni. Mu."

"Kí ló ń hó lójú rẹ̀?"

"Mo ní kí o mu."

Ṣíjú fi ahọ́n kàn án. Ó pa ẹnu dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Kò ṣí i mọ́.

Ẹkùn gbọ́ ariwo, ó yọjú lórí ọgbà.

"Àwẹ̀ró, ọmọ ló ń dà ọ́ láàmú bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ó kọ̀ ọ́ ni, Ìyá Ẹkùn."

"Ọmọ kì í kọ nǹkan nílé tèmi. Gbé e sórí itan. Di apá rẹ̀ mú, di imú rẹ̀ mú, ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, kí o máa rọ ọ́. Bó bá ń wá èémí, á gbé e mì."

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ọ̀nà yìí. Mò ń wo ojú yín.

Wọ́n rọ Ṣíjú. Ó tapá, ó tasẹ̀. Omi ewé wọ imú, ó wọ etí, ó wọ aṣọ Àwẹ̀ró. Ìwọ̀nba tó wọ ọ̀fun, ó bì í sí Ẹkùn lójú. Ẹkùn nu ojú. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun fi ẹran sórí iná. Ó lọ.

Ọjọ́ kẹta, Oyin fò wá láti inú òdòdó.

"Àwẹ̀ró, ipá kọ́ lọ̀rọ̀ ọmọ. Adùn ni. Gba afárá mi yìí, fi oyin inú rẹ̀ pa etí igbá."

Àwẹ̀ró fi oyin pa etí igbá. Ojú Ṣíjú là díẹ̀. Ó lá etí igbá. Ó lá a yípo, ó lá a dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Etí igbá mọ́, omi ewé wà nínú bó ṣe wà.

"Ó ti tán," ni Ṣíjú wí.

"Kí ló tán? Kò sí èyí tí o mu."

"Èyí tó wà létí igbá ló tán. Ẹ tún un pa."

Wọ́n tún un pa. Ó tún un lá. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kẹta, ó lá a lẹ́ẹ̀kẹta. Oyin wo afárá rẹ̀, ó rí i pé ó ti gbẹ. Ó kùn lọ sílé, kò dágbére.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀bọ fò sọ̀kalẹ̀ látorí igi ìyeyè.

"Gbogbo yín ò gbọ́n. Ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù, irọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Sọ pé omi ìrèké ni."

"Á rí àwọ̀ rẹ̀."

"Ní kó dijú. Sọ pé eré ni."

Àwẹ̀ró kò fẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ó wọlé, ó ní, "Ṣíjú, dijú, la ẹnu. Omi ìrèké ni mo mú bọ̀ fún ọ."

Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dijú, ó la ẹnu gbàgà, ó gbé e mì.

Nígbà tó lajú, kò sunkún. Ó kàn wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Omi ìrèké kọ́."

Láti ọjọ́ náà, Ṣíjú kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ fún un, ó kọjú sí ògiri. Wọ́n gbé omi lásán fún un, ó kọjú sí ògiri. Bí òjò bá rọ̀, á wọ́ dé abẹ́ òṣòòrò, á la ẹnu sí i. Òjò ló fọkàn tán.

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó kéré tán, ó mu ẹnu kan. Àwẹ̀ró ju ọmọ odó lù ú. Kò bà á. Ì bá bà á, inú mi ì bá dùn.

Ọjọ́ keje, àlejò dé. Ìgbín ni, ìbátan ìyá Àwẹ̀ró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti kúrò nílé, ó sì ru ilé náà dání, bí ẹni tí kò fọkàn tán àwọn tó ń bá gbé.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ kú ìrìn."

"Má pè é ní ìrìn. Mò ń wọ́ ni."

Bí ìbànújẹ́ ti pọ̀ tó, Àwẹ̀ró kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ó bu omi tútù sí igbá. Ó kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ mu ẹnu kan níbẹ̀, ó gbé e mì, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìgbín. Ìgbín gbà á, ó mu ún tán.

Ohùn kékeré kan jáde lórí ẹní.

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ mu omi àlejò?"

Àwẹ̀ró yíjú síbi ẹní kíá. Ọmọ rẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é, ọmọ mi. Kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan búburú nínú rẹ̀."

"Tí ẹ ò bá mu ún ńkọ́?"

Ìgbín ló dáhùn. "Èmi ò ní mu ún. Mo mọ ìyá rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun kan ṣoṣo ni mo ní."

Ṣíjú ronú díẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ mu tèmi?"



Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé àlejò dé, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Àwẹ̀ró yíjú sí wọn.

"Ìyá Ẹkùn, ṣé ẹ tọ́ omi ewé yẹn wò?"

"Èmi? Ẹran ni mò ń jẹ."

"Oyin?"

"Òdòdó ni tèmi. Mi ò bá ewé ṣe."

"Ọ̀bọ, ìwọ ńkọ́?"

"Mo rí i tó ń hó. Ẹ̀rù bà mí."

Ìgbín na ọrùn jáde. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, Àwẹ̀ró?"

Àwẹ̀ró náà kò tọ́ ọ wò. Odidi ìyá ọmọ. Ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀fun ìgbín, kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀fun ọmọ tó bí.

Ó dìde. Ó bu omi ewé sí igbá. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ètè rẹ̀ yí sápá kan. Etí rẹ̀ méjèèjì mì.

Ṣíjú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ di imú yín mú."

Àwẹ̀ró gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó dúró níwájú igi Ewúro.

"Ewúro, kí ni mo ṣe fún ọ? Kí ló dé tí o korò tó báyìí?"

Ewúro mi ewé rẹ̀. Ó fi orin dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é, ẹ máa ní "Ewé o, ewé":

Ta ló tọ́ mi wò?
Ewé o, ewé.
Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n wẹ àgbà,
Ewé o, ewé.
Wọ́n fọ aṣọ, wọ́n fọ ìkòkò,
Ewé o, ewé.
Ta ló wá fọ èmi?
Ewé o, ewé.

"Fífọ̀ lo fẹ́ ni?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Bí o ṣe já mi lo gún mi. Ìwọ náà, bí wọ́n bá gbé ọ látoko láìwẹ̀, ṣé wàá dùn?"

Àwẹ̀ró já ewé tuntun. Ó bomi sí i, ó fi ọwọ́ gbo ó. Ó hó yeye. Ó da omi náà nù. Ó tọ́ ewé wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Ṣíjú ti wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Báwo ló ṣe rí, Ìyá mi?"

"Ó ṣì korò."

Ó bomi kejì, ó gbo ó, ó dà á nù. Ó tọ́ ọ wò.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ máa dùn."

"Ṣé nǹkan tó wà lẹ́nu ń ní ẹ̀yìn?" Ṣíjú tún sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yìn wo?"

"Dúró ná."

Ó bomi kẹta. Ó gbo ó. Ìfófòó rẹ̀ ti tán. Ewúro ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Má fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ mí."

Àwẹ̀ró gún un pẹ̀lú gbúre, ó fún omi rẹ̀. Ó fún ìrèké sí i níṣojú Ṣíjú. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ewúro nìyí," ló wí. "Gbúre nìyí. Ìrèké nìyí, ìrèké tòótọ́. Ó ṣì korò díẹ̀."

Ó mu ẹnu kan. Ó dúró. Ó mu ẹnu kejì. Ó ń gbé e lọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Ṣíjú fa aṣọ rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé àlejò ò ní mu ni?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún un. Bó ti ń gbé e bọ̀, ẹnu òun gan-an là, kò mọ ìgbà tó là. Ṣíjú wo inú ẹnu náà dáadáa. Ó rí ewé díẹ̀ lára eyín. Òun náà la ẹnu.

Ó mu ún. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ igbá.

"Ó korò wọlé," ló wí, "ó wá dùn jókòó. Kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló kọ́ ọ? Ṣé yóò wà lọ́la?"

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó mu ún lọ́jọ́ kejọ. Ó mu ún lọ́jọ́ kẹsàn-án. Kí oṣù tó lé, Ṣíjú ti ń lé Ọ̀bọ gun igi, ó ń bi í pé kí ló fẹ́ fi ìrù tó gùn tó yẹn ṣe.

Àwọn ìyá yòókù gbọ́, wọ́n gbé ọmọ tiwọn wá sẹ́yìnkùlé Àwẹ̀ró. Ewúro wo gbogbo wọn. Ó ní, "Láti òní lọ, ọwọ́ tó bá ń gbé nǹkan lọ sẹ́nu ọmọ, kí ẹnu ẹni tó ni ọwọ́ náà kọ́kọ́ là. Bí tìyá kò bá là, kí ọmọ pa tirẹ̀ dé."

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ ewúro títí ìfófòó fi ń tán, tó sì ṣì ń korò díẹ̀ kó tó dùn. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bá ń bọ́ ọmọ lóúnjẹ, ẹnu tirẹ̀ náà á là gbàgà, tí kò ní mọ̀. Ẹ lọ wo ara yín nígbà tí ẹ bá délé. Ọmọ á sì tẹjú mọ́ ẹnu yẹn kó tó la tirẹ̀. Kì í ṣe agídí. Ó ń wò ó bóyá ẹ ti tọ́ ọ wò ni.

Àlọ́ mi ti délé. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ewúro tí wọn kò fọ̀ jẹ́ oúnjẹ mi lọ́la.