Ilá Tí Tòlótòló Kò Já

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ àgbàdo yó, ẹ gbè é dáadáa. Àlọ́ mi rìn wẹ́rẹ́, ó yà sí ẹ̀yìnkùlé Tòlótòló.

Tòlótòló fẹ́ fi ọmọ Awó ṣaya. Awó ní òun máa kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ ọgbà Tòlótòló ná. Òjò ti rọ̀, ilá ti so. Pẹ́pẹ́yẹ, àpọ́n tó múlé tì í, tó ń já ilá tirẹ̀ ní kékeré, kọrin sí i:

Já ilá rẹ o,
Jàǹtó!
Ilá kì í dúró de àna,
Jàǹtó!

Tòlótòló ní, "Kó tó èékánná mi." Ó tó èékánná, Pẹ́pẹ́yẹ tún kọrin. "Kó gùn tó ọrùn mi." Ó gùn tó ọrùn, Pẹ́pẹ́yẹ tún kọrin. Tòlótòló ní, "Onílá bíńtín, ìlara ń pa ọ́. Kó ga ju òrùlé lọ, kí àna mi máa wò ó láti ọ̀nà."

Ilá gùn débi pé àwọsánmà ń fi í yún ẹ̀yìn. Àna dé. Tòlótòló fi ọ̀bẹ gé e, ọ̀bẹ ká. Ó gbé àdá, àdá kán. Ó gbé àáké, àáké fò lọ. Ilá ti kó, ó ti di igi.

"Bàbá, ẹ ṣáà wo bó ṣe gùn."

Awó ní, "Ṣé ojú ni mo fi ń gbé òkèlè mì ni?"

Ló bá gbóòórùn ọbẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, ó fo ọgbà, ó jẹ ọgọ́rùn-ún òkèlè. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyàwó lọ.

Àlọ́ mi délé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú aṣọ ọdún títí tó fi kéré mọ́ yín lára, mo ń wò yín o.